Ìgbà tí fíláàṣì kò rí dísìkì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí yíyan dráífà

Oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní iléeṣẹ́ kan. Àwọn kan jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ díẹ̀, ṣípù Intel ìran kẹjọ ló wà nínú wọn. Àwọn kan jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí ṣípù wọn jẹ́ Intel ìran kọkànlá. Dísìkì NVMe, irú dísìkì tó yára gan-an, ni wọ́n ń lò, wọn ò sì ní ojú ihò tí a lè ki wáyà nẹ́tíwọ̀kì bọ̀. Àwọn tó kù jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun, ìran kẹtàlá, tí káàdì nẹ́tíwọ̀kì Intel I226-V wà lára bọ́ọ̀dù wọn.

Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn fẹ́ kí ohun gbogbo tí wọ́n fi ń gbé Windows 10 sórí ẹ̀rọ wà lórí fíláàṣì kan ṣoṣo, kí ẹ̀dà kan náà sì wà lórí àwo DVD fún ẹ̀rọ tó bá ṣì ní ibi tí wọ́n ń ki àwo sí. Èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lè mú un, yóò fi í bọ ẹ̀rọ yòówù tó bá kàn, Windows yóò jókòó, kò ní sí pé à ń wá dráífà (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) kiri mọ́. Ìfẹ́ tó bọ́gbọ́n mu ni. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé, nínú gbogbo dráífà tó wà láyé, èwo ló yẹ kó wà lórí fíláàṣì náà, apá ibo lórí rẹ̀ sì ni kó wà? Ìbéèrè kejì yìí ni kò sí ẹni tó béèrè níbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn.

Wọ́n kọ́kọ́ lo fíláàṣì tí kò ní àfikún kankan, bó ṣe ti ọ̀dọ̀ Microsoft wá. Lórí àwọn ẹ̀rọ ìran kẹjọ, ó wọlé, ó parí, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Lórí àwọn ti ìran kẹtàlá, Windows wọlé dáadáa, àmọ́ nígbà tó parí, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Àmì ìyanu aláwọ̀ yẹ́lò wà lára Ethernet Controller nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí. Dráífà tí káàdì náà nílò wà lórí Windows Update, ọ̀nà tí a ó sì gbà dé Windows Update ni káàdì náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú irú ipò yẹn rí yóò mọ bó ṣe ń rí: ẹ̀rọ tuntun jókòó síwájú ẹni, ẹlòmíràn ni a ó lọ bẹ̀ kó bá wa gba dráífà wá.

Láptọ́ọ̀pù ló wá burú jù. Ó tàn, ó béèrè èdè, ó gba òfin lílò, ó wá dé ojú ibi tí wọ́n ti ń béèrè pé orí dísìkì wo ni kí wọ́n gbé Windows lé. Àyè ibẹ̀ ṣófo. Kò sí dísìkì ńlá, kò sí kékeré, àfi ìlà kan nísàlẹ̀ tó ń sọ pé kò rí dísìkì kankan, pé kí a wá dráífà fún un. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wọ inú BIOS, ètò tó máa ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, dísìkì náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí. Wọ́n á ní bí BIOS bá rí i, kí ló dé tí Windows ò rí i? Àwọn kan tilẹ̀ ti dá láptọ́ọ̀pù padà fún ẹni tó tà á nítorí èyí, wọ́n rò pé dísìkì ti bàjẹ́.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni VMD, ìyẹn Volume Management Device ti Intel. Ó wà nínú ṣípù ìran kọkànlá, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù sì máa ń tàn án láti ilé wọn. Bó bá ti wà ní títàn, dísìkì NVMe kì í dúró níta gbangba fún Windows láti rí. Ẹ̀yìn VMD ló wà. Onígeètì ni VMD jẹ́, ẹni tí kò bá sì gbọ́ èdè onígeètì kò lè mọ ẹni tó wà nínú ilé. BIOS gbọ́ èdè náà nítorí pé ó ní dráífà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́gán tí Windows bá ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ BIOS, kì í lo dráífà BIOS mọ́, tirẹ̀ ló ń lò, fíláàṣì tó wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft yìí kò sì ní dráífà VMD náà nínú.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ayé Windows XP, F6 ni wọ́n máa ń tẹ̀, wọ́n á sì ki dísìkẹ́ẹ̀tì tí dráífà dísìkì (AHCI tàbí RAID) wà lórí rẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Nígbà tí ṣípù Skylake dé ní 2015, àwọn tó ṣì ń fẹ́ Windows 7 rí i pé wọ́n lè fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ, àmọ́ kété tí Windows bá ti bẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù á kú, mouse á kú, fíláàṣì tó gbé e wá gan-an á di àwátì, nítorí pé Windows 7 kò ní dráífà USB 3.0 nínú. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: kí ni Windows nílò kí ó tó lè na ọwọ́ mú nǹkan tó kù?

Ọ̀nà àbùjá inú BIOS

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn rí i pé wọ́n lè pa VMD nínú BIOS. Ó pa á, dísìkì yọ, Windows wọlé. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún díẹ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìmúdójúìwọ̀n BIOS dé sórí wọn. Nígbà tó parí, ó dá gbogbo ètò padà sí bí wọ́n ṣe ti ilé wá, VMD sì tún tàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni láptọ́ọ̀pù wọ̀nyí tan ẹ̀rọ wọn, ojú aláwọ̀ búlúù ni wọ́n bá pàdé: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Windows tí wọ́n fi síbẹ̀ nígbà tí VMD wà ní pípa kò ní dráífà VMD nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí dísìkì tirẹ̀, kò bá a.

Wọ́n tún pa á padà, àwọn ẹ̀rọ náà sì jí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti rí i pé iṣẹ́ tó dúró lórí kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan BIOS kò lè pẹ́. Òótọ́ ló rí. Mo fi kún un pé ewu mìíràn wà níbẹ̀: láptọ́ọ̀pù tí Windows rẹ̀ ti wọlé nígbà tí VMD wà ní títàn kò ní tàn mọ́ bí a bá ṣàdédé pa VMD, bó bá sì jẹ́ pé dísìkì méjì ni wọ́n so pọ̀ di RAID lẹ́yìn VMD, fáìlì tó wà níbẹ̀ lè sọnù. Àwọn láptọ́ọ̀pù míì wà tí BIOS wọn kò tilẹ̀ fún ènìyàn ní àyè láti pa á. Dráífà ni ojúlówó ìdáhùn.

Àpò ńlá

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá lọ sí òdìkejì. Bó bá jẹ́ pé dráífà ni kò sí, wọ́n ní kí gbogbo dráífà wà níbẹ̀. Wọ́n wa àpò dráífà kan tó kún fọ́fọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: ti àwòrán, ti ohùn, ti ìtẹ̀wé, ti kámẹ́rà, ti ẹ̀rọ tí wọn ò ní, ti ẹ̀rọ tí wọn ò ní ní láé. Wọ́n fi DISM, irinṣẹ́ Microsoft tó ń fi nǹkan kún Windows tí kò tíì wọlé, rọ gbogbo rẹ̀ sínú Windows tó wà lórí fíláàṣì, pẹ̀lú `/Recurse` kó lè kó gbogbo fódà tó wà nínú àpò náà.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà bàjẹ́, ìdí kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Fáìlì install.wim, tí Windows tí a fẹ́ gbé sórí dísìkì wà nínú rẹ̀, wú kọjá 4 GB. Fíláàṣì tí UEFI (irú BIOS ti òde òní) máa tàn láti orí rẹ̀, ìlànà ìtò fáìlì FAT32 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, FAT32 kò sì lè gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ. DVD lásán náà, 4.7 GB ni gbogbo àyè rẹ̀. Wọ́n fi `/Split-Image` gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́ di .swm, ìyẹn sì ṣiṣẹ́ lórí fíláàṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ DVD parí síbẹ̀.

Ti ẹ̀kejì ya gbogbo wọn lẹ́nu. Láptọ́ọ̀pù ṣì ń fi àyè òfìfo hàn. Pẹ̀lú gbogbo dráífà tó wà lórí fíláàṣì yẹn, kò tíì rí dísìkì.

Ti ẹ̀kẹta dun àwọn òṣìṣẹ́ jù lọ, nítorí pé orí ẹ̀rọ tí kò ní wàhálà tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kọ̀ǹpútà ìran kẹjọ, tí fíláàṣì lásán ti ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá láìsí ohùn. Nígbà tí mo ka setupapi.dev.log, àkọsílẹ̀ bí Windows ṣe ń yan dráífà, tó wà nínú C:\Windows\INF, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Bí dráífà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá lè bá ẹ̀rọ kan mu, Windows máa ń tò wọ́n: ó kọ́kọ́ wo ìbuwọ́lù, ó wá wo bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú dráífà ṣe sún mọ́ ti ẹ̀rọ tó, bí ìyẹn bá dọ́gba, yóò wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe dráífà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Dráífà ohùn gbogboogbò tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ń bá irú ẹ̀rọ ohùn yòówù ṣe, nítorí náà ipò ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Nínú àpò ńlá yẹn ni dráífà kan wà tó dárúkọ ṣípù ohùn náà gan-an, àmọ́ ìlà láptọ́ọ̀pù mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Òun ló borí. Windows kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló yàn.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé dráífà tó pọ̀ jù kò lè ṣe ìpalára. Gbogbo dráífà tí a bá fi sórí fíláàṣì ti di olùdíje fún gbogbo ẹ̀rọ tí fíláàṣì náà bá kàn. Ọ̀rọ̀ ààbò náà tún wà níbẹ̀: inú kernel, ìyẹn ọkàn Windows, gan-an ni ọ̀pọ̀ dráífà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí kò ti sí ohun tí wọn ò lè ṣe. Àpò tí a kò mọ ẹni tó dì í kò yẹ kó dé ibẹ̀.

Shift àti F10

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí yìí ni wọ́n pè mí. Mi ò béèrè àpò dráífà rárá. Láptọ́ọ̀pù kan ni mo ní kí wọ́n gbé wá, pẹ̀lú fíláàṣì wọn, a sì jẹ́ kó dé ojú òfìfo yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ Shift àti F10 pọ̀. Fèrèsé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pa VMD níjọ́sí dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dráífà yẹn wà nínú rẹ̀ o. Èmi fúnra mi ni mo fi í sí i."

Mo ní kó fi hàn mí ibi tó fi í sí. Ó ní inú install.wim ni, ó sì tún fi í sí boot.wim, fáìlì tí ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ tàn láti inú rẹ̀.

"Index wo nínú boot.wim?"

Ó ní ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Boot.wim tó wà nínú fódà sources kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Windows PE lásán, Windows kékeré kan, ló wà ní index 1. Windows Setup, ètò tó ń gbé Windows sórí dísìkì, ló wà ní index 2, òun sì ni ẹ̀rọ máa ń gbé dìde nígbà tí a bá tan án láti orí fíláàṣì. Dráífà tó wà ní index 1 kò sí níwájú Setup. Èyí tó wà nínú install.wim kò sì tíì wúlò ní àkókò yẹn, nítorí pé Windows tó wà nínú install.wim ni ẹrù tí a fẹ́ gbé lọ sórí dísìkì. Kò tíì dìde.

A ní fíláàṣì kejì tí dráífà VMD wà lórí rẹ̀ ní fódà tirẹ̀. Mo fi í bọ láptọ́ọ̀pù, mo sì tẹ èyí, àṣẹ tó ń fún Setup ní dráífà lójú ẹsẹ̀:

`drvload E:\vmd\iaStorVD.inf`

Drvload ní òun ti gbà á. Mo pa fèrèsé dúdú dé, mo tẹ Refresh lójú ibi tó ṣófo. Dísìkì náà yọ, pẹ̀lú gbogbo ìpín tó wà lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa ṣe ìdánwò yìí kí n tó fọwọ́ kan fáìlì wim èyíkéyìí, nítorí pé ó ń dáhùn ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé dráífà yìí ni ẹ̀rọ nílò, ṣé ó sì lè ṣiṣẹ́ nínú Setup? Bí drvload bá kọ̀ ọ́, kò sí ìdí láti máa fi wákàtí ṣòfò lórí DISM.

Ohun tí a mú àti ohun tí a fi sílẹ̀

A da àpò ńlá nù, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹ̀rọ fúnra wọn. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ṣí Device Manager, a lọ sí Details, a sì yan Hardware Ids, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀yà náà. Ti VMD lórí láptọ́ọ̀pù ni `PCI\VEN_8086&DEV_9A0B`. Ti káàdì nẹ́tíwọ̀kì lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun ni `PCI\VEN_8086&DEV_125C`. 8086 ni nọ́ńbà Intel. Mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́ gan-an. Láti ìgbà yẹn lọ, nọ́ńbà yìí ni a ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ tó wà lára páálí, tàbí orúkọ tí iléeṣẹ́ fún dráífà lórí ìkànnì wọn, kò ní ipa kankan nínú ìpinnu wa.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣì wà tí wọn ò tíì nu Windows ilé iṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹn ṣe wá lóore púpọ̀, nítorí pé gbogbo dráífà tí ẹ̀rọ náà nílò ti wà lórí rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ti dán wò. Àṣẹ kan ló kó wọn jáde:

`pnputil /export-driver * D:\kojade`

Àwọn ẹlòmíràn a máa yára nu Windows ilé iṣẹ́ láìkó dráífà inú rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gbà, ó sì lè gba yín lọ́wọ́ wíwá kiri fún ọjọ́ púpọ̀.

Fún ẹ̀dà tuntun dráífà VMD, Intel máa ń fi í sínú SetupRST.exe (RST ni orúkọ àkópọ̀ dráífà dísìkì wọn). DISM kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú .exe; .inf, fáìlì tó ń júwe dráífà, ló ń wá, pẹ̀lú .sys àti .cat tó bá a rìn nínú fódà kan náà. `SetupRST.exe -extractdrivers` ló ń tú u síta. Kí a tó gbà pé èyí ni, a fi Notepad ṣí iaStorVD.inf, a sì wá `DEV_9A0B` nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kéré, àmọ́ bí mo bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú fíláàṣì yìí gbọ́dọ̀ máa ṣe, òun ni. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà RST ló mọ gbogbo ìran ṣípù. Ẹ̀dà tó tuntun jù lè ti ju ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀, èyí tó pẹ́ sì lè má tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ tuntun rí. Inú .inf ni òótọ́ wà.

Lẹ́yìn èyí ni a wá bi dráífà kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ìgbà wo ni a nílò rẹ? VMD ni a nílò kí Windows tó wọlé rárá. Nítorí náà, inú boot.wim index 2 ni a fi í sí, a sì tún fi í sínú install.wim, kí Windows tó bá jí lórí dísìkì lè bá dísìkì tirẹ̀. Dráífà I226-V, lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé ni a nílò rẹ̀, nítorí náà install.wim nìkan ti tó. Ká ní orí sáfà ni wọ́n ti ń fa Windows wá ni, káàdì nẹ́tíwọ̀kì ìbá wọ boot.wim náà, ṣùgbọ́n fíláàṣì ni tiwọn.

Wi-Fi láptọ́ọ̀pù ló fa àríyànjiyàn. Ọ̀gá náà rò pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ihò USB di ihò wáyà nẹ́tíwọ̀kì, kí wọ́n fi Wi-Fi sílẹ̀. Èrò mi yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù yìí kò ní ihò wáyà, Wi-Fi nìkan ni ọ̀nà tó ní sí ìta, ohun kan ṣoṣo tó lè gbé ẹ̀rọ lọ síbi tí àwọn dráífà tó kù wà sì yẹ kó wà lórí fíláàṣì. A fi í sínú install.wim.

Gbogbo èyí tó kù ni a fi sílẹ̀. Windows ní dráífà àwòrán gbogboogbò, Microsoft Basic Display Adapter, tó ń fi ojú hàn títí ti gidi yóò fi dé. Dráífà àwòrán sì wà lára àwọn tó tóbi jù, kò sí ìdí láti máa gbé e kiri. Ohùn, kámẹ́rà, ìka ọwọ́, ìtẹ̀wé, Windows Update tàbí fódà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni yóò pèsè wọn nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti wà.

Àwọn tó ń lo Linux náà ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tiwọn. Inú kernel ni púpọ̀ nínú dráífà wọn wà, nítorí náà firmware, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ni ìṣòro wọn: káàdì Wi-Fi púpọ̀ kì í ṣiṣẹ́ láìsí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ firmware náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lómìnira láti tún ṣe. Ní 2022 ni àwọn ará Debian, ọ̀kan lára oríṣi Linux, dìbò pé kí firmware irú yìí wà lórí àwo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ayé, Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà 2023 ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú wọn dé ibẹ̀ kò jìnnà sí tiwa: ẹni tí kò lè dé orí nẹ́tíwọ̀kì kò lè wá ohun tó ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ DISM fúnra rẹ̀ kò gba àkókò. Wọ́n ní láti mọ̀ pé install.esd, tí fíláàṣì tí irinṣẹ́ Microsoft ṣe sábà máa ń ní, kò ṣeé ṣí láti fi nǹkan kún. `/Export-Image` ni a fi kọ́kọ́ sọ ọ́ di install.wim. Fáìlì tí a bá sì dà kọ láti orí àwo máa ń wá pẹ̀lú àmì pé kíkà nìkan ni, àfi kí a fi `attrib -r` yọ ọ́ kí DISM tó gbà. Ó wá kù báyìí:

`dism /Mount-Image /ImageFile:C:\ise\sources\boot.wim /Index:2 /MountDir:C:\oke`

`dism /Image:C:\oke /Add-Driver /Driver:C:\drv\vmd`

`dism /Image:C:\oke /Get-Drivers`

`dism /Unmount-Image /MountDir:C:\oke /Commit`

Ìlà kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òun ló ń fi hàn pé ohun tí a fi síbẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Winre.wim

Láptọ́ọ̀pù wọlé, nẹ́tíwọ̀kì dé, ohùn padà sórí àwọn ẹ̀rọ ìran kẹjọ. Wọ́n ti fẹ́ ka iṣẹ́ náà sí èyí tó parí. Mo ní kí wọ́n ṣe ìdánwò kan sí i: kí wọ́n mú láptọ́ọ̀pù kan, kí wọ́n di Shift mú, kí wọ́n sì tẹ Restart kó lè wọ inú ibi àtúnṣe Windows. Ó wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó tún Windows ṣe, ó ní òun kò rí Windows kankan.

Ohun kan náà ni. Ibi àtúnṣe yìí jẹ́ Windows kékeré tó dá dúró, fáìlì winre.wim ló sì ń gbé e dìde. Winre.wim fúnra rẹ̀ wà nínú install.wim, ní Windows\System32\Recovery. Bí a kò bá fi VMD sínú tirẹ̀, kò ní rí dísìkì tó yẹ kó tún ṣe, èyí sì máa ń fara hàn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́ tí gbogbo ojú ń wo onímọ̀ ẹ̀rọ. A tún install.wim ṣí, a ṣí winre.wim tó wà nínú rẹ̀, a fi dráífà kan náà kún un, a sì ti méjèèjì láti inú wá síta. VMD wá wà níbi mẹ́ta lórí fíláàṣì kan: boot.wim index 2, install.wim, winre.wim. Dráífà dísìkì yòówù tí Windows kò ní nínú, ibi mẹ́ta yìí ni mo máa ń fi í sí.

Install.wim ṣì ju àyè DVD lọ díẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀dà Windows tó pọ̀ nínú rẹ̀. Pro nìkan ni iléeṣẹ́ náà ń lò, nítorí náà òun nìkan ni a yọ jáde sínú fáìlì tuntun, tí a sì fi dráífà sí. Ó wọ orí DVD, ó sì tún wọ FAT32 láìgé e.

Àwọn láptọ́ọ̀pù tó dé lẹ́yìn

Nígbà tí iléeṣẹ́ náà tún ra láptọ́ọ̀pù, orúkọ kan náà ló wà lára wọn pẹ̀lú àwọn ti àkọ́kọ́, àwọ̀ kan náà, páálí kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò fi fíláàṣì kan wọn. Ó tan ọ̀kan pẹ̀lú Windows ilé iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ó wo nọ́ńbà VMD, ó sì rí `DEV_467F`. Ìran kejìlá ni. Ó ṣí iaStorVD.inf tó wà lórí fíláàṣì, ó wá nọ́ńbà náà, kò sí níbẹ̀.

Ó pè mí lórí fóònù láti béèrè bóyá kí ó fi dráífà tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wá 9A0B àti 467F pọ̀ nínú .inf tuntun náà. Bí méjèèjì bá wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti tó. Bí ó bá jẹ́ 467F nìkan ni, kí ó fi èkejì kún un ní fódà tirẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ má kúrò, nítorí pé nọ́ńbà wọn yàtọ̀, wọn kò sì ní bá ara wọn jà.

Fáìlì kékeré kan wà lórí fíláàṣì náà báyìí, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, orúkọ .inf, ọjọ́ dráífà, ibi tó wà nínú àwọn wim, àti ìdí tó fi wà níbẹ̀. Dráífà tí kò bá ní ìdí kì í wọlé. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, wọ́n á wo nọ́ńbà dísìkì àti ti nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á fi wé fáìlì náà. Bí méjèèjì bá wà níbẹ̀, tàbí bí fíláàṣì lásán bá rí wọn fúnra rẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ọ̀kan bá sọnù, drvload ni wọ́n fi ń dán dráífà rẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣí boot.wim.